Yèyé Tó Pa Kànga Ọkọ Rẹ̀ Dé

Ní àárọ̀ tí ìkùukùu bá bo òkè Òkà débi pé èèyàn ò rí òrùlé ilé kejì, mo ṣì máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ Yèyé mi. Mo máa ń gbọ́ ọ láàárín oorun àti jíjí, nígbà tí ara ti jí ṣùgbọ́n tí ojú ò tíì là. Màá gbọ́ bàtà rọ́bà rẹ̀ tó ń wọ́lẹ̀ lórí òkúta ẹ̀yìnkùlé, màá gbọ́ orin ṣọ́ọ̀ṣì tó máa ń kọ sínú, tí kò sí ẹsẹ̀ kan tó mọ̀ dópin. Bí mo bá wá lajú tán, ìkùukùu nìkan ló máa ń wà lójú fèrèsé. Yèyé ti lọ. A sin ín sí Òkà lọ́dún yìí, lẹ́yìn tí òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀.

Èmi kọ́ ni màá sọ ìtàn ayé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n ti kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsìnkú: ọdún tí wọ́n bí i ní Ìkàrẹ́, ọdún tó wọlé ọkọ ní Òkà, iye ọmọ, iye ọmọ-ọmọ. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kà á tán, mo wò yíká inú ìwé náà, mi ò bá Yèyé níbẹ̀.

Fẹ̀yìntọlá lorúkọ Yèyé, ìyá àgbà mi. Ohùn Ìkàrẹ́ kò kúrò lẹ́nu rẹ̀ títí ó fi kú. Àwọn ará Òkà a máa sín in jẹ, òun náà a sì máa bá wọn rẹ́rìn-ín. Ata gbígbẹ àti ẹ̀wà ló ń tà lọ́jà Ìkàrẹ́, nítorí náà ọwọ́ rẹ̀ ò yé rùn ata. Lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo dàgbà. Bó bá fọwọ́ nù mí lójú nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ojú á máa ta mí, màá sì bú sẹ́kún. Á gbé mi lé itan, á máa mì mí, á ní, "Dákẹ́, Bísí. Ẹkún ata kì í dọ̀la."

Ohun tí gbogbo èèyàn fi mọ̀ ọ́n ni ìbéèrè kan. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ọ̀rọ̀ dé iwájú rẹ̀, ìbáà ṣe ti olè tó jà ní Ìpè, ìbáà ṣe ti ìyàwó tó sá nílé ọkọ ní Etíóró, Yèyé á gbọ́ ọ dé òpin, á fọwọ́ nu ẹnu, á ní, "Ta ló rí i?" Bí onítọ̀hún bá dáhùn pé "Wọ́n ní," Yèyé á padà sídìí ata rẹ̀. Nígbà kan, obìnrin kan tí ìsọ̀ wọn jọ fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ lọ́jà ń sọ kiri pé àwọn ará Àfìn ń po iyanrìn mọ́ ẹ̀wà. Yèyé wọkọ̀ ó di Àfìn. Ó jókòó ti àwọn tó ń pa ẹ̀wà níbẹ̀, ó wo bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ẹ àti bí wọ́n ṣe ń rọ ọ́ sápò, ó jẹun ọ̀sán lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tó dé, ó sọ lójú gbogbo ọjà pé irọ́ ni. Òun àti obìnrin náà ò bára wọn sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Mo bi í pé kí ló dé tó ń ti ara rẹ̀ bọ ìjà nítorí ẹ̀wà ẹlẹ́wà. Ó ní, "Ẹni tí wọ́n ń purọ́ mọ́, ó nílé, ó lọ́mọ, ó sì fẹ́ sùn lálẹ́ bíi tiwa."

Ó ní ohun kan tó fẹ́ràn ju ọjà lọ, ìyẹn ni kànga tó wà lẹ́yìn ilé lábẹ́ igi máńgòrò. Bàbá Àgbà, ọkọ rẹ̀, ló gbẹ́ ẹ nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra wọn. Òkúta ni ìdí àdúgbò wa látòkè délẹ̀. Ẹni tó bá ń gbẹ́ kànga níbẹ̀, òkúta ló ń bá jà. Bàbá Àgbà á dáná lé òkúta náà lórí títí á fi gbóná janjan, á da omi tútù lé e kó lè sán, á wá fi òòlù àti irin fọ́ ọ. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní obìnrin Ìkàrẹ́ ti sọ ọmọ àwọn di wèrè. Nígbà tí omi sun nígbẹ̀yìn, ó ké pe ìyàwó rẹ̀, ó bu àkọ́kọ́ fún un nínú igbá kékeré kan. Yèyé ní òtútù omi náà wọ òun léhín, omijé sì bọ́ lójú òun kí òun tó mọ̀. Ó máa ń sọ pé, "Ọkọ ẹlòmíràn ra aṣọ fún un. Tèmi fọ́ òkúta."

Mi ò bá Bàbá Àgbà láyé. Kànga rẹ̀ ni mo bá. Láràárọ̀, kí Yèyé tó ju korobá sínú rẹ̀, á kọ́kọ́ tẹ̀ síwájú, á wo ìsàlẹ̀, á ní, "Ẹ káàárọ̀ o." Ohùn á gòkè wá láti inú òkùnkùn, á kí i padà. Nígbà tí mo kéré, mo gbà pé Bàbá Àgbà ló ń dáhùn, mo sì máa ń dì mọ́ ìró Yèyé pinpin. Nígbà tí mo dàgbà, mo bi í bóyá òun náà gbà bẹ́ẹ̀. Ó wò mí fín-ín-fín. Ó ní, "Ẹni tí a kí, tó dáhùn, ṣé ó kú?"

Gbogbo agboolé wa ló ń mu omi yẹn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí kànga àwọn ẹlòmíràn bá gbẹ, tiwa kì í gbẹ. Omi náà mọ́ gaara bíi dígí. Kò sẹ́ni tó máa wò ó tí ọkàn rẹ̀ máa rò ó níbi.

Lókè ilé wa, ní ẹ̀gbẹ́ òkè, ni opó kan ń gbé tí a ń pè ní Ìyá Ọlọ́sàn, nítorí pé ọsàn tó ń tà lẹ́bàá títì ló fi ń tọ́ àwọn ọmọ ilé rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìlú Àkókò tó ní èdè tiwọn ló ti wá. Ó gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n kò wọ̀ ọ́ lẹ́nu, nítorí náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bó bá dá wà nìkan, èdè rẹ̀ ló máa ń fi bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

Nígbà òjò, inú máa ń run àwọn ọmọdé agboolé wa. A ti mọ́ ọn lára. A ní àìsàn òjò ni. Àfi ọdún tí ó mú Ìrètí lọ. Ọmọ-ọmọ Bàbá Kékeré ni Ìrètí, Bàbá Kékeré sì ni àbúrò Bàbá Àgbà tó kù láyé. Ọmọ náà máa ń fi ewé máńgòrò ṣe fèrè, á máa fọn ọ́ kiri ilé. Ìgbẹ́ gbuuru àti èébì bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù ní Ìkàrẹ́, ẹ̀mí ti bọ́. Ilé dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń gbọ́ bí máńgòrò ṣe ń já bọ́ láti orí igi.

Lẹ́yìn ìsìnkú ọmọ náà ni Bàbá Kékeré pe gbogbo wa jọ. Ó ní, "Ẹ wò ó. Kò sí ilé tí inú ò run ọmọ lọ́dún yìí nítòsí wa. Ilé Ìyá Ọlọ́sàn nìkan ni ara àwọn ọmọ ti le. Wọ́n ń ṣeré nínú òjò. Kí ló ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ nígbà gbogbo? Ta ló mọ ohun tó ń pè?"

Àwọn èèyàn ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo rí i lójú àwọn ìyá ọmọ pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ wọ́n.

Yèyé ní, "Ọkọ mi, ta ló rí i?"

Bàbá Kékeré yíjú sí i. "Ọmọ-ọmọ mi wà nínú ilẹ̀, ìyàwó, ẹ sì ń bi mí pé ta ló rí i?"

Yèyé dìde. Ó lọ jókòó tì í, ó mú ọwọ́ rẹ̀ sínú tirẹ̀. Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ títí òòrùn fi kúrò lórí ògiri. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ fún mi láàyè díẹ̀. Ohun tí a ò mọ̀, a lè wá a. Ẹni tí a bá ti lé lọ, kì í padà bó ṣe wà."

Bàbá Kékeré gbà, ṣùgbọ́n kò gbà tọkàntọkàn. Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọmọ wọn sẹ́yìn bí Ìyá Ọlọ́sàn bá ń kọjá. Ọsàn rẹ̀ ń rà sórí àtẹ. Ẹnì kan ju òkúta sórí páànù ilé rẹ̀ lọ́sàn-án gangan.

Ní àkókò náà ni ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tọ́pẹ́ dé, tòun ti báàgì tí ìgò kéékèèké ń dún nínú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ní yunifásítì tó wà nítòsí wa, ó ń ṣe ìwádìí lórí omi kànga ní Òkà àti Ìkàrẹ́. Wọ́n ti lé e nílé púpọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn èèyàn ní irú wọn ti ń wá tipẹ́. Wọ́n á bi wá bí a ṣe ń jẹ, bí a ṣe ń mu, wọ́n á ya fọ́tò wa, a ò ní rí wọn mọ́.

Yèyé ń ṣa ẹ̀wà nígbà tó wọlé. Ó ní, "Kí lo fẹ́ fi omi wa ṣe, ọmọ mi?"

"Mo fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò ní láàbù ni, mà. Mo ń kó dátà jọ."

"Dátà? Èyí tí Bísí máa ń rà sórí fóònù?"

Tọ́pẹ́ rẹ́rìn-ín, àárẹ̀ ojú rẹ̀ sì ṣí kúrò díẹ̀. "Rárá, Màmá. Dátà ni ohun tí a bá fojú ara wa rí, tí a wọ̀n, tí a kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ṣe rí i, kí ẹlòmíràn lè yẹ̀ ẹ́ wò."

Yèyé gbé ẹ̀wà sílẹ̀. "Ohun tí a rí," ó ní, bí ẹni tó pàdé ará ilé rẹ̀ ní ìlú òkèèrè. "Bó o bá rí i tán, ibo ló ń lọ?"

"Inú ìwé tí mo fẹ́ fi gboyè ni, mà. Ọ̀gá mi á kà á."

"Lẹ́yìn ọ̀gá rẹ ńkọ́?"

Tọ́pẹ́ wo àwọn ìgò inú báàgì rẹ̀.

Yèyé dìde, ó bá a ju korobá sí kànga fúnra rẹ̀. Bó ṣe ń fà á, ó ní, "Máa wá nígbà tó bá wù ọ́. Ṣùgbọ́n omi wa ló ń bá ọ lọ yìí. Ohun tó bá sọ fún ọ níbẹ̀, wá sọ ọ́ fún wa níbí."

Ọmọ náà ṣèlérí. Ó wá nígbà òjò, ó wá nígbà ọyẹ́. Yèyé ló ń mú un wọ ilé tó ti lé e tẹ́lẹ̀, á ní, "Ọmọ mi ni, ẹ dá a lóhùn." Ilé kọ̀ọ̀kan ni Tọ́pẹ́ ti béèrè ibi tí wọ́n ti ń pọnmi, àti ọmọ tí inú run. Ó dé ọ̀dọ̀ Ìyá Ọlọ́sàn pàápàá, ìyẹn sì fún un ní ọsàn nítorí pé ó pẹ́ tí àlejò ti wọlé rẹ̀. Bó bá rẹ Tọ́pẹ́, á wá jẹ ẹ̀wà lọ́dọ̀ wa, á na ẹsẹ̀ lórí ẹní. Ọyẹ́ á mú kí òkè dà bí ohun tí wọ́n fi eérú kùn, Yèyé á máa sọ ìtàn Ìkàrẹ́ àtijọ́ fún un, èmi á sì máa gbọ́ wọn bíi pé láti inú omi ni ohùn wọn ti ń bọ̀.

Àfi bó ṣe dáwọ́ wíwá dúró. Yèyé dúró dè é, kò rí i. Àwọsánmà òjò tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, Bàbá Kékeré sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó ní kí òjò tó rọ̀, kí Ìyá Ọlọ́sàn ti kó ẹrù rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí iléèwé wa wà ní ìsinmi, Yèyé wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó ní, "Bísí, wọ bàtà rẹ. Bí ẹni tí a rán níṣẹ́ ò bá dé, a máa ń lọ wò ó."

Mi ò lè gbàgbé bó ṣe dúró láàárín àwọn ọmọ yunifásítì, ṣánṣán, gèlè rẹ̀ ga ju orí gbogbo wọn lọ. Ó ń bi ẹni tó bá rí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe Tọ́pẹ́ olómi." Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n bá a pè é. Nígbà tí Tọ́pẹ́ yọ ní igun ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tó rí ẹni tó wá, ó kúnlẹ̀, ó bú sẹ́kún.

"Ìwádìí mi ti parí, Màmá. Àwọn ọ̀gá mi ní ó dára gan-an."

"Inú mi dùn. Kí ló wá dé?"

"Mo máa ń wọkọ̀ débi oríta Òkà, màá tún padà. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún yín." Ó nu ojú. "Kànga yín ni, Màmá."

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún wa lórí bẹ́ǹṣì kan. Àwọn ilé tó wà lókè tiwa ní ṣáláńgá. Bí òjò bá rọ̀, ẹ̀gbin inú rẹ̀ máa ń ṣàn wọ àwọn ojú tó sán lára òkúta, á sì máa bá a bọ̀ wá sínú kànga. Kòkòrò tí ojú ò lè rí ló wà nínú rẹ̀, òun ló ń ba àwọn ọmọ nínú jẹ́. Ojú òkúta tí omi dáadáa ń gbà wọlé náà ni ẹ̀gbin ń gbà. Àwọn ilé tó ń mu kànga wa ni ọmọ ti ń ṣàìsàn. Àwọn tó ń pọnmi níbi ìsun orí òkè, ara ọmọ wọn le. Ìsun orí òkè sì ni Ìyá Ọlọ́sàn ń pọn, nítorí pé òun ló sún mọ́ ilé rẹ̀ jù.

Yèyé gbọ́ ọ dé òpin. Ó wá ní, "Ìrètí ńkọ́?"

"Mi ò lè sọ nípa Ìrètí, Màmá. Mi ò bu omi náà ní ọjọ́ yẹn. Ohun tí mo rí nìkan ni mo lè sọ."

"Ọkọ mi ńkọ́? Ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà láti ìgbà tó ti gbẹ́ ẹ?"

"Ìgbà wo ni wọ́n kọ́ àwọn ilé òkè yẹn?"

"Lẹ́yìn tó kú ni."

"Ó ṣeé ṣe kí èyí tó fún yín mu mọ́ nígbà náà," ni Tọ́pẹ́ wí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n ìyẹn náà, Màmá, mi ò rí i."

Nínú ọkọ̀ tó gbé wa padà, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í fín. Òkè àti igi ń kọjá lójú dígí bí ohun tí a ń rí lójú àlá. Yèyé tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sórí itan, ó ń wò wọ́n. Ó ní, "Ọwọ́ yìí ló ń fa omi náà." Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ó mi orí. Ó di ìgbà tí ọkọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ wọ Òkà kó tó tún lanu. Ó ní, "Òtítọ́ tí mo fẹsẹ̀ ara mi lọ pè, mi ò lè ní kó dúró síta."

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, agboolé àti àdúgbò pé jọ sábẹ́ máńgòrò. Tọ́pẹ́ wá, nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn àdúgbò wa náà wá. Ìyá Ọlọ́sàn dúró lẹ́yìn pátápátá, ó fi ẹ̀gbẹ́ kan aṣọ bo ẹnu. Tọ́pẹ́ sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́ fún wa, kò fi kún un, kò yọ kúrò.

Bàbá Kékeré fò dìde. "Kànga ẹ̀gbọ́n mi! Omi tó fi òógùn ojú rẹ̀ wá! Ọmọ àná ni yóò wá sọ fún wa pé májèlé ni a ń mu? Ìyàwó, ẹ ti fẹ́ràn obìnrin ọlọ́sàn yẹn ju òkú ọkọ yín lọ!"

Yèyé ò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Ọkọ mi, ta ló ń fa omi kànga yìí láràárọ̀?"

"Ẹ̀yin ni. Kí ló kàn án?"

"Lọ́jọ́ tí Ìrètí ń ṣàìsàn, tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ta ló bu omi fún un?"

Yèyé na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú.

"Èmi ni," Yèyé wí. "Mo gbé orí rẹ̀ sókè, mo fi ife sí i lẹ́nu. Bẹ́ ẹ bá ń wá ẹni tí ẹ máa lé kúrò ládùúgbò, èmi nìyí. Ẹ jẹ́ kí ìyá yẹn sinmi."

Bàbá Kékeré wo Yèyé pẹ́. Ó yí padà, ó wọ ilé rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Yèyé lọ sídìí kànga. Mo rò pé ó máa sunkún, kò sunkún. Ó tú okùn kúrò, ó ká a mọ́ apá bí ẹni ká òwú. Ó tẹ̀ síwájú, ó ní, "Ẹ ṣé o. Ẹ ti ṣe tiyín." Ohùn náà dáhùn. Ó wá fa pákó bò ó lójú, ó ń gbé òkúta lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí n bá a gbé e, ó kọ̀. Ó ní, "Ọkọ mi nìkan ló ṣí i. Jẹ́ kí n nìkan pa á dé."

Nígbà tó ṣe tán, ó mú ife, ó gun òkè lọ sílé Ìyá Ọlọ́sàn, mo tẹ̀ lé e. Gbogbo fèrèsé ni ojú wà. Ó jókòó sórí pẹpẹ ẹnu ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni ò jókòó sí mọ́ láti ọdún tó kọjá, ó ní, "Ìyá Ọlọ́sàn, òùngbẹ ń gbẹ mí. Ẹ fún mi lómi." Obìnrin náà bu omi wá nínú ìkòkò, ó sì ń sọ nǹkan wúyẹ́wúyẹ́ lédè rẹ̀. Yèyé gba omi náà, ṣùgbọ́n kò tíì mu ún. Ó ní, "Kí lẹ ń sọ yẹn?"

"Àdúrà ni," Ìyá Ọlọ́sàn wí. "Kí omi náà bá yín lára mu."

Yèyé mu ún tán pátá. Ó nu ẹnu, ó tún na ife síwájú. "Ẹ tún un sọ. Ẹ tún un bù."

Láti ọjọ́ náà ni ìwádìí Tọ́pẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Nọ́ọ̀sì ń sọ ọ́ fún àwọn ìyá tó bá gbé ọmọ wá. Àlùfáà sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí ní Ìkàrẹ́. Ìyá Ọlọ́sàn ló bá Tọ́pẹ́ lọ sí ìlú tirẹ̀, tó sì tú u sí èdè wọn. Mo gbọ́ pé ó sọ̀rọ̀ níbẹ̀ bí ẹni tí a tú okùn lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ará Etíóró ránṣẹ́ pé kí wọ́n wá yẹ tiwọn náà wò. Nígbà tí ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún wa, ohun tí Tọ́pẹ́ ti rí ni ẹnjiníà wọn fi mọ ibi tó yẹ kí wọ́n gbẹ́ ẹ sí, lókè gbogbo ṣáláńgá. Yèyé bá wọn dé ibẹ̀ lọ́jọ́ tí omi kọ́kọ́ tú jáde. Tọ́pẹ́ dì mọ́ ọn, ó ní òun ò mọ̀ pé iṣẹ́ òun lè débí. Yèyé ní, "Ìmọ̀ tó jókòó sójú kan, ata tí ò dé ọbẹ̀ ni."

Mi ò ní purọ́ pé ó gbàgbé kànga rẹ̀. Ó máa ń mu omi tuntun náà, á sì dákẹ́ bí ẹni tó ń fetí sí nǹkan. Ó sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan pé kò dùn tó ti Bàbá Àgbà, pé kí n má sọ fún Tọ́pẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí òjò rọ̀ jù, a jókòó lójú fèrèsé, àwọn ọmọ agboolé bọ́ aṣọ, wọ́n ń sáré nínú òjò, wọ́n ń ké. Ọmọ kan ò dùbúlẹ̀ àìsàn nínú ilé. Ìyá wọn kan fẹ́ pè wọ́n wọlé. Yèyé ní, "Fi wọ́n sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ gbọ́ ariwo yìí."

Bàbá Kékeré nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kò tán lọ́kàn rẹ̀. Ó ń mu omi tuntun, ó ń kí Yèyé, ṣùgbọ́n bí Ìyá Ọlọ́sàn bá ń kọjá, á yí ojú sí ògiri. A rò pé ìkórìíra ni. Yèyé ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ìtìjú ni. Ó wúwo ju ìkórìíra lọ, ẹ má tì í."

Oorun ló gbé Yèyé lọ, láìsí ìrora. Lọ́jọ́ ìsìnkú, èèyàn pọ̀ débi pé àga ò tó. Òòrùn mú gidi. Tọ́pẹ́ wà láàárín wa, ó ń sunkún bí ọmọ ilé. Ìyá Ọlọ́sàn dúró níta àgọ́, lẹ́bàá ògiri, ó di apẹ̀rẹ̀ ọsàn kan mú, ó ti darúgbó. Mo fẹ́ dìde lọ bá a. Kí n tó dìde, mo rí Bàbá Kékeré ní iwájú, níbi tí àwọn àgbà ọkùnrin jókòó sí. Ó dìde, ó gbé àga tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó gbé e la àárín gbogbo èèyàn kọjá, díẹ̀díẹ̀, nítorí pé òun náà ti darúgbó. Ó gbé e kalẹ̀ sínú ibòji, ó fi ọwọ́ nù ún.

"Ẹ jókòó," ó ní fún un. "Ìyàwó wa kò ní fẹ́ kí ẹ dúró sínú òòrùn."

Ìyá Ọlọ́sàn jókòó. Bàbá Kékeré dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí ìsìn fi parí.